Ọgbẹ́ inú ọ̀sà àti ara tí kì í gba Ampiclox: ìtọ́jú tuntun wo ló yẹ apẹja Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Apẹja ni bàálé mi, Ẹ̀pẹ́ la wà. Níjẹta, ẹ̀gún òbòkún gún wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Bí wọ́n ṣe ń fa ọwọ́ yọ ni irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tún ya ibẹ̀, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Omi ọ̀sà ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Oníkẹ́míìsì fẹ́ tú Ampiclox sí i, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ní ọdún 7 sẹ́yìn wọ́n lo Ampiclox, ara wọn wú kókó-kókó, ó ń yún wọn, Piriton ló bá wọn rọ̀ ọ́. Ní báyìí, ẹnì kan lórí WhatsApp ní ká lọ fi ìdin jẹ ojú ọgbẹ́ náà, òmíràn ní oògùn phage ti dé láti ilẹ̀ Georgia, ẹlòmíràn ń béèrè owó kó lè fi orúkọ wọn sí ìdánwò ìtọ́jú tuntun. Èwo ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn? Bí ara wọn bá tún kọ oògùn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú o. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tó kan ọwọ́ bàálé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tó kàn án ni omi tó mọ́, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti dókítà tí yóò yẹ ọwọ́ náà wò lónìí, kó má di pé ìka kan le gbagidi títí ayé. Òótọ́ wà nínú ìtọ́jú tuntun tí wọ́n ń sọ fún yín, màá sì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọgbẹ́ yìí kúrò nínú ewu.

Omi ọ̀sà kì í ṣe omi ìfọgbẹ́. Lásìkò òjò, omi odò ló máa ń borí nínú ọ̀sà. Tí ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ òkun á wọlé. Kòkòrò tó fẹ́ràn omi tí kò níyọ̀ kọ́ ló fẹ́ràn omi tó níyọ̀ díẹ̀. Aeromonas ń gbé inú ti àkọ́kọ́, Vibrio vulnificus ń gbé inú ìkejì, pàápàá tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkejì yìí burú fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, yálà nítorí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí ọtí. Bí ọwọ́ bá ń ro ju bí ọgbẹ́ ṣe tóbi lọ, tí awọ ara ń dúdú tàbí tó ń léròrò tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Wákàtí ló máa ń fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ nìyí. Píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC dára fún iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ń tẹ̀ lé ni mílílítà 50 sí 100 fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí ọgbẹ́ gùn. Ti bàálé yín jẹ́ 6, nítorí náà mílílítà 300 sí 600 ni. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan máa ń jẹ́ nǹkan bí mílílítà 500. Nígbà tí omi ọ̀sà ti wọnú rẹ̀, ẹ lo ọ̀rá 2 tàbí 3, omi kò pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tiyín, ẹ fi ọṣẹ fọ ìta ọ̀rá náà, ẹ fi abẹ́rẹ́ sírínjì tuntun lu igun rẹ̀ ní ihò kan ṣoṣo, kí ẹ wá fún ọ̀rá náà kí omi máa tú wọnú ọgbẹ́ láti ibi tó sún mọ́ ọn. Ẹ ya etí ọgbẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí omi dé ìsàlẹ̀. Ẹ dẹ ọwọ́ náà kí omi tó ti dọ̀tí máa ṣàn kúrò, kó má padà sínú. Bí ẹ bá rí iyanrìn tàbí ìpẹ́ ẹja tó lẹ̀ mọ́ ọn, gọ́ọ̀sì tútù ni kí ẹ fi nù ún jáde. Ohun tí kò bá jáde, dókítà ló ni ín.

Ẹ lè ní ṣé píọ̀ wọ́tà lásán tó, ṣé kò yẹ kó jẹ́ omi iyọ̀ ọsibítù? Àwọn onímọ̀ ti kó ìwádìí lórí èyí jọ, wọ́n sì rí i pé omi tó mọ́ tó ohun tí a lè mu kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ kẹ̀ ju omi iyọ̀ lọ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní FLOW, tó jáde ní 2015 lórí àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ tó sì yọ síta, tún fi hàn pé fífi ọṣẹ fọ inú ọgbẹ́ gan-an kò ṣe wọ́n lóore: àwọn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ fún ló padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ jù, nǹkan bíi 15 nínú 100, nígbà tí àwọn olómi iyọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 12. Bí omi ṣe le tó nígbà tó ń tú jáde kò sì yí èsì padà. Nítorí náà, ọṣẹ wà fún awọ ara tó yí ọgbẹ́ ká. Ibi tí èyí ti yàtọ̀ ni bí ajá bá bu ènìyàn jẹ: níbẹ̀, omi àti ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, nítorí dìgbòlugi.

Dettol, sípírítì, Izal, hydrogen peroxide: ẹ má da ìkankan sínú ọgbẹ́. Wọ́n ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa ẹran ara tuntun tó fẹ́ dí ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú. Kẹrosíìnì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń lò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ewé Akíntọ́lá, mi ò ní bá àwọn àgbà jiyàn: ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn onímọ̀ sì ti rí agbára yẹn nínú rẹ̀. Erùpẹ̀ ara ewé àti ọwọ́ tó gún un ni ìṣòro. Ẹ tẹ gọ́ọ̀sì mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 10 láì ṣí i wò, ẹ̀jẹ̀ á dúró.

Ihò tí ẹ̀gún gún yàtọ̀ sí ibi tí irin ya. Ẹ má fi tipátipá fún omi sínú ihò tóóró, ńṣe ló máa ń ti ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gún gún wọn gan-an, tí ọwọ́ ń jó wọn bí ẹni fi iná sí i, omi gbígbóná ló yẹ: kí wọ́n ki ọwọ́ bọ omi tó gbóná dé nǹkan bíi dígírì 45, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ẹ fi ọwọ́ tí kò lọ́gbẹ́ tọ́ omi náà wò kọ́kọ́, torí pé ọwọ́ tó ń ro kì í mọ̀ pé omi ń bó òun. Oró ẹja irú èyí kì í fara da ooru. Ní báyìí tó ti di ọjọ́ kẹta, tí ìrora bá ṣì wà nínú ihò yẹn, kì í ṣe oró mọ́. Bóyá ẹ̀gún ti kán sínú, bóyá ó ti ń kẹ̀. X-ray lè rí ẹ̀gún náà, bí kò bá rí i, ultrasound lè rí i.

Kí wọ́n ká ìka kọ̀ọ̀kan sínú, kí wọ́n nà án padà. Kí ẹ fi etí òwú kan orí ìka kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ń mọ̀ ọ́n. Ìka tí kò ká, tàbí tó kú tipiri, túmọ̀ sí pé okùn iṣan tàbí iṣan ìmọ̀lára ti gé. Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni bí ìka kan bá wú láti ìdí dé orí, tó tẹ̀ sínú díẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń dunni tí a bá tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tí wọ́n sì ké nígbà tí ẹlòmíràn bá nà án. Ọyún ti wọ inú àpò okùn iṣan nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ ni, ọjọ́ kan náà, kì í ṣe kápúsù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rán an lónìí. Ọgbẹ́ tó dọ̀tí tí ọjọ́ sì ti gorí rẹ̀, tí wọ́n bá rán an, ilé ni wọ́n ń kọ́ fún kòkòrò nínú rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì tó rin bò ó láì kì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 4 sí 5, tí ojú rẹ̀ bá pupa dáadáa tí kò sì sí ọyún, wọ́n lè wá rán ibi tí irin ya. Ihò ẹ̀gún, wọn kì í rán an rárá.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo èyí. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, ó sì fẹ́ràn ihò tí afẹ́fẹ́ kì í dé, irú èyí tí ẹ̀gún ẹja ń dá. Láàárín ọjọ́ 3 sí 21 ló sábà ń fara hàn, àgbọ̀n á kọ́kọ́ le, kí gbogbo ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ̀yin ìyá ń gba àjẹsára yẹn nígbà oyún. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò tún gba nǹkan kan mọ́ látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Bí bàálé yín kò bá mọ̀ dájú pé wọ́n ti gba mẹ́ta rí, abẹ́rẹ́ méjì ni wọn yóò gbà lọ́jọ́ kan náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe ojú kan. Ìkíní ni àjẹsára, mílílítà 0.5, wọn yóò padà gba òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, àti ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù 6 ó kéré tán. Ìkejì ni immunoglobulin, èròjà tó ń bá oró tẹ́tánọ́ọ̀sì jà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n mú láti ara ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, yúnìtì 250. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá ti ju wákàtí 24 lọ tàbí tó dọ̀tí gan-an, bíi tiwọn yìí, 500 ni. Bí mẹ́ta bá ti pé, tí ìgbẹ̀yìn sì ti lé ní ọdún 5, àjẹsára kan ṣoṣo tó.

Níbi tí immunoglobulin kò bá sí, ATS (anti-tetanus serum), oògùn mìíràn tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, ni wọ́n máa ń fúnni. Ara ẹṣin ni wọ́n ti ń mú un jáde, ara ènìyàn sì lè kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ó di ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn náà kí ibà, oríkèé ríro àti ara yíyún wá bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni nọ́ọ̀sì ṣe ń fún ìwọ̀n kékeré lábẹ́ awọ kọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo ìyẹn, ẹ má sì rò pé tó bá ti kọjá, ewu ti tán. Ara tó kọ Ampiclox kò ní kọ ATS torí ìyẹn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ó kan oníkẹ́míìsì yín. Títú kápúsù sínú ọgbẹ́ ti wọ̀ wá lára jákèjádò Èkó, àmọ́ kò sí àǹfààní kan nínú rẹ̀ kódà fún ẹni tí ara rẹ̀ gba Ampiclox. Ìyẹ̀fun náà á pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, á di èèpá, ọyún á wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Oògùn inú rẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀ ibi tí kòkòrò wà. Èyí tó tún burú ni pé ojú awọ ara tó ti bó jẹ́ ibi tí ara ti ń tètè kọ́ láti kórìíra oògùn. Penicillin tí wọ́n ń fi pa ara láyé àtijọ́, àwọn dókítà fi í sílẹ̀ nítorí alẹ́jì tó ń dá sílẹ̀. Òróró ìpara tó ní neomycin náà máa ń ṣe irú èyí: ọgbẹ́ á máa yún, á máa pupa, wọn á ní ó ń kẹ̀, wọn á tún fi kún òróró náà.

Ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 7 sẹ́yìn, ẹ má kàn máa sọ pé "ara wọn kì í gba Ampiclox" kí ẹ dákẹ́. Ẹbí penicillin ni Ampiclox. Nínú ènìyàn 10 tó gbà pé òun ní alẹ́jì penicillin, bí wọ́n bá dán wọn wò dáadáa, 9 ni kò ní i, tàbí tí ara wọn ti gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bí 8 nínú 10 tó ní in lóòótọ́ ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ apẹja sì ni èyí. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Erysipelothrix, ọwọ́ àwọn tó ń ṣa ẹja ló fẹ́ràn, ó máa ń mú ọwọ́ wú, kó pọ́n dọ́gba-dọ́gba pẹ̀lú ìrora tó ń jó. Penicillin ló dára jù fún un. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ alẹ́jì sí fáìlì rẹ̀ láìtọ́, oògùn tó wọ́n jù tí kò sì mú iná tó ni yóò máa gbà títí ayé.

Àwọn dókítà ní ìṣirò kan fún èyí, PEN-FAST ni wọ́n ń pè é. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò bá tíì ju ọdún 5 lọ, máàkì 2. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tí ènìyàn dákú, tàbí tí awọ ara bó pẹ̀lú egbò lẹ́nu, máàkì 2. Bí wọ́n bá nílò ìtọ́jú, máàkì 1. Ohun tí ẹ kọ yìí jẹ́ máàkì 1: ọdún 7, ara wíwú kókó-kókó lásán, Piriton. Ẹni tí kò tó 3, kò tó 5 nínú 100 irú wọn tí alẹ́jì wọn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ojú bá wú lọ́jọ́ náà tí ẹ kò rántí kọ ọ́, máàkì 3 ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Níbi tí máàkì bá kéré, ọsibítù ńlá lè fún ènìyàn ní amoxicillin, tó jẹ́ ẹbí penicillin náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́nu, kí wọ́n jókòó tì í fún wákàtí kan tàbí méjì. Ìwádìí PALACE tó jáde ní 2023 fi èyí wé ti dídánwò lára awọ kọ́kọ́, ẹnì kan péré ni ara rẹ̀ kọ oògùn nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nínú nǹkan bí 380 lápapọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ dán èyí wò nílé. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí; ìgbà tí ọwọ́ bá jinná ni. Fún ọgbẹ́ yìí, dókítà lè lo doxycycline àti ẹ̀yà mìíràn tó bá omi ọ̀sà mu, tí kò ní penicillin nínú rárá.

Bí ara wọn bá tún kọ oògùn, ẹ wo bó ṣe ń kọ̀ ọ́. Ara yíyún àti kókó nìkan, Piriton tàbí irú rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá há, tí èémí ń hùn, tí ahọ́n ń wú, tí òòyì ń kọ́ wọn, tàbí tí inú ń run wọn pẹ̀lú èébì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, anaphylaxis nìyẹn, alẹ́jì tó le débi tó lè pa ènìyàn. Adrenaline ni, kì í ṣe hydrocortisone, kì í ṣe Piriton. Ìgò kékeré adrenaline máa ń jẹ́ mílílítà 1, tó ní mílígíráàmù 1 nínú. Àgbàlagbà á gba ìdajì rẹ̀, mílílítà 0.5, nínú ẹran itan ní ẹ̀gbẹ́ ìta, kódà láti orí ṣòkòtò. Ọmọ ọdún 6 sí 12 á gba 0.3, tí kò tó bẹ́ẹ̀, 0.15. Bí ìṣẹ́jú 5 bá kọjá tí kò yí padà, wọ́n á tún un fún. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni bí ẹni tó ń fúnni ní abẹ́rẹ́ bá fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ọkàn á máa sáré àsápajúdé. Ibòmíràn ni bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hydrocortisone, tó jẹ́ pé wákàtí ló máa ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, tí ọ̀fun ti dí tán kó tó dé.

Kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn ga, àyàfi bí èémí bá há jù, nígbà náà kí wọ́n jókòó láì dìde. Ẹ má sọ pé kí wọ́n rìn lọ sọ́kọ̀. Ìdìde lójijì nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ti pa ènìyàn tí adrenaline ì bá gbà là. Bí ara bá balẹ̀, kí wọ́n ṣì wà ní ọsibítù fún wákàtí mélòó kan, torí pé ó lè padà dé. Tí wọ́n bá fún wọn ní abẹ́rẹ́ níbikíbi, ATS tàbí òmíràn, kí wọ́n jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì béèrè kí abẹ́rẹ́ tó wọlé: adrenaline ńkọ́? Ilé ìwòsàn tí kò bá ní in kò yẹ kó máa fún ènìyàn ní ATS.

Ó ti wá kan àwọn ìtọ́jú tuntun. Èyí tí ìròyìn rẹ̀ dára jù wà nínú ti alẹ́jì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí adrenaline tí wọ́n ń fún simú, neffy, mílígíráàmù 2 fún ẹni tó bá wúwo tó kílò 30. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe dán an wò: ara àwọn tó ní àlàáfíà ni wọ́n ti wo bí oògùn ṣe wọ ẹ̀jẹ̀ tó àti bí ìfúnpá ṣe gòkè, torí pé kò tọ́ láti mú ẹni tó ń kú lọ kí a fún un ní oògùn tí kò dájú. Fún alẹ́jì oúnjẹ, omalizumab gba ìfọwọ́sí ní oṣù kejì ọdún náà. Nínú ìdánwò, nǹkan bí 67 nínú 100 tó gbà á lè fara da ìwọ̀n ẹ̀pà tí 7 péré lè fara dà láìsí i. Abẹ́rẹ́ tí a ń gbà léraléra ni, kì í sì í gba ẹni tó ti ń dákú lọ. Méjèèjì wọ́n jù fún wa. Ìgò adrenaline lásán tí owó rẹ̀ kéré ló ń ṣe iṣẹ́ náà ní Ẹ̀pẹ́.

Ìdin kì í ṣe àgbọ́sọ. Láti 2004 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Ẹyin eṣinṣin Lucilia sericata ni wọ́n ń fọ̀ títí kòkòrò kò fi sí lára rẹ̀, wọ́n á fi ìdin tó yọ sórí egbò, 5 sí 10 fún sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, wọ́n á bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3, wọ́n á sì fọ̀ wọ́n dànù. Ẹran òkú nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ìwádìí VenUS II tó jáde ní 2009 fi wọ́n wé ìpara mìíràn lórí egbò ẹsẹ̀: ọjọ́ 14 ni wọ́n fi fọ egbò mọ́ níbi tí ìpara lo 72. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí egbò jinná kò yàtọ̀, ìrora sì pọ̀ sí i. Egbò tó ti pẹ́ tí ẹran òkú kún inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìdin. Ọwọ́ tí irin ya níjẹta, ọ̀bẹ dókítà á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kí eṣinṣin ọjà Olúwo bà lé e pé ìdin ni ìdin. Àwọn ẹ̀yà eṣinṣin mìíràn wà tí ìdin wọn ń jẹ ẹran tó ṣì wà láàyè.

Phage jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà. Onímọ̀ kan, Félix d'Hérelle, fún un lórúkọ ní 1917, wọ́n sì dá ilé ìwádìí Eliava sílẹ̀ ní Tbilisi, olú ìlú Georgia, ní 1923. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Georgia yẹn ti wá. Ó ti gba àwọn tí oògùn kankan kò ràn mọ́: ní 2016, wọ́n fi gba aláìsàn kan, Tom Patterson, là ní San Diego lọ́wọ́ bakitéríà Acinetobacter. Àmọ́ phage dà bí ìgèrè tí wọ́n hun fún ẹja kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú kòkòrò láti inú ọgbẹ́ yẹn gan-an, kí wọ́n hù ú ní yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n wá phage tó bá a mu. Ìgò tí wọ́n ti rọ dúró de gbogbo ènìyàn kò lè ṣe èyí. Nínú ìdánwò PhagoBurn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àpòpọ̀ phage 12 kò tó ìpara silver sulfadiazine lásán láti dín kòkòrò kù lórí ara tó jóná. Ìdí rẹ̀ wúlò fún yín: phage náà ti ń kú nínú ìgò, ohun tó dé ara aláìsàn kéré jìnnà sí ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù tó ní fíríìjì àti onímọ̀, báwo ni ìgò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó sùn nínú mọ́tò ní Ajah, yóò ṣe rí?

Oyin tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa kòkòrò inú rẹ̀ fún ìtọ́jú ọgbẹ́ dára, pàápàá fún ara tó jóná díẹ̀. Oyin ìgò ọjà kọ́ o. Hóró kòkòrò Clostridium lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ọgbẹ́ náà wúlò fún ọgbẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ìwádìí WOLLF ní 2018 lórí egungun tó ṣẹ́ tó sì yọ síta kò rí i pé ó sàn ju báńdéèjì lásán lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹni tó ń gba owó láti fi orúkọ wọlé, ẹ sá fún un. Ìdánwò gidi kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Ìdánwò oògùn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera, èyí tí NHREC (National Health Research Ethics Committee) ń darí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé àlàyé ní èdè tó yé yín, kí ó sọ ewu, kí ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá gbà, kí ó sì sọ pé ẹ lè jáde nígbàkigbà láì pàdánù ìtọ́jú yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996, nígbà tí wọ́n dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn (meningitis), tí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa béèrè ìwé yìí. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò náà, kí ẹ wò ó fúnra yín lórí Pan African Clinical Trials Registry, ọ̀fẹ́ ni.

Tí ẹ bá ń lọ sí General Hospital Ẹ̀pẹ́, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé kan: ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ̀gún gún wọn, pé omi ọ̀sà wọ̀ ọ́, ìgbà tí wọ́n gba tẹ́tánọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn bí wọ́n bá rántí, bóyá wọ́n ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ní ti Ampiclox, ẹ má kọ "alẹ́jì" nìkan. Ẹ kọ kápúsù tàbí abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú tàbí ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí wọ́n lò ó kí ara tó wú, bóyá ètè tàbí ojú wú, bóyá wọ́n dákú, àti ohun tí wọ́n fún wọn. Bí wọ́n bá sì ti lo amoxicillin tàbí Augmentin láti ìgbà yẹn tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sókè, torí pé ìyẹn ni dókítà máa fẹ́ rí kọ́kọ́.